Pẹ̀lẹ́ Mẹ́sàn-án fún Alága

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó síbi ìpàdé rí, tí ebi ń pa yín, tí oorun ń kùn yín, tí alága ṣì ń sọ pé "kí n tó jókòó," ẹ súnmọ́ mi. Tiyín ni ìtàn yìí. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ alága fúnra yín lè kà á náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bọ́ bàtà yín ná.

Ní àdúgbò Berea, nínú ìlú Johannesburg, gbọ̀ngán kan wà tí Ẹgbẹ́ Ìfẹ́dọ̀kan Ọmọ Yorùbá ń lò fún ìpàdé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú gbọ̀ngán náà, àga Safurat sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Àga oníke funfun ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, wáyà ni wọ́n fi dè é. Orí àga yìí ni àwọn obìnrin ń jókòó sí tí Safurat ń bá wọn dirun láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì ti di ọdún mẹ́fà tó ti wà níbẹ̀. Yàrá kan ní Bertrams ni òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Bùkúnọlá, ń gbé, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn wá síbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá lé e kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, kò sí ibòmíràn tó lè gbé àga sí, nítorí kò sí etí títì kan ní Berea tí kò ti ní ẹni tó ń jókòó síbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngán àti ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Olóyè Adésànmí, alága ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì í pè. Ohun tí wọ́n kọ sára bébà ẹgbẹ́ ni "Alága Àgbà, Baba Ìsàlẹ̀, àti Olùdásílẹ̀ Kejì." Bí ẹ bá bi mí pé ta ni olùdásílẹ̀ kìíní, ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni. Olóyè ti lé e lọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí ọkùnrin náà ní òun fẹ́ ṣe sáà kan sí i. Kó má bàa padà wá, Olóyè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ abala kẹrìnlá sínú òfin ẹgbẹ́, ní lẹ́tà gàdàgbà: ẸNIKẸ́NI TÍ KÒ BÁ NÍ ÌTÌJÚ KÒ GBỌDỌ̀ JÓKÒÓ LÓRÍ ÀGA ALÁGA. Inú rẹ̀ dùn sí abala yìí débi pé ó ní kí wọ́n fi gíláàsì bò ó, kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri.

Ọdún mẹ́rin ni Olóyè ti lò ní Joburg, ṣùgbọ́n inú ọgbà onígéètì ló ń gbé, inú mọ́tò tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa ló sì ń jókòó sí. Kò tíì bá ọmọ ìlú náà sọ̀rọ̀ kan ju kí ó ní kí wọ́n ṣí géètì. Ohun tí àwọn ará ìlú bá ń wí, Jìmí ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Jìmí ni akọ̀wé ìpolongo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa rẹ́rìn-ín kí Olóyè tó parí àwàdà. Bí Olóyè bá sín, Jìmí á pàtẹ́wọ́.

Ó wá kan ọjọ́ tí Olóyè fẹ́ ka ìjábọ̀ ọdún. Ó wọ bàtà funfun tuntun kan tó ṣẹnu ṣóńṣó. Bàtà náà fi nọ́ńbà méjì kéré sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n Jìmí ti búra pé ẹsẹ̀ ọba ni òun rí nínú bàtà náà, ta ni yóò gbọ́ èyí tí yóò bọ́ ọ? Ìjókòó iwájú ni Safurat wà, nítorí òun ló dirun fún ìyàwó Olóyè láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó sì ní kí ó wà nítòsí bóyá irun yóò tú. Jìmí gbé fóònù sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta létí ìjókòó iwájú náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn, ó sùn lọ. Kò wò ó pé ojú Safurat ló gba ìdajì àwòrán.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" Olóyè bẹ̀rẹ̀. "Kí n tó gorí àga yìí, kí lẹ jẹ́? Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni yín! Èmi ni iyọ̀! Róbọ́ọ̀tì tó ń darí mọ́tò níwájú ibí yìí, ta ló kọ lẹ́tà sí ìjọba nípa rẹ̀? Èmi Adésànmí ni!"

Lóòótọ́, láti oṣù karùn-ún ni róbọ́ọ̀tì náà, ìyẹn iná ojú pópó, ti kú, tí mọ́tò ń gbá ara wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà ti lọ. Bí Olóyè ṣe sọ èyí tán, ó yí ẹsẹ̀ padà, bàtà sì fún un. Ojú rẹ̀ pọ̀ mọ́ra.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," Safurat wí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí fún un: kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ẹni tó ń dirun mọ bí ìrora ṣe ń rí lójú ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀mélòó lóòjọ́ ni yóò fa irun obìnrin, tí obìnrin á fajú ro, tí òun á ní "pẹ̀lẹ́"? Ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ọn. Ojú ìrora ló rí, ó sì kí i bí ọmọ Yorùbá ṣe ń kí ẹni tó wà nínú ìrora.

"Mo ti gbé orúkọ yín dé Marshalltown!" Olóyè kígbe. "Nínú ọ́fíìsì ńlá, ní àjà kejìlá, wọ́n ní kí n jókòó!"

Wákàtí mẹ́ta ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi jẹ́ kó jókòó níbẹ̀, wọn ò sì pè é wọlé. Bàtà tún fún un.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"Èmi nìkan ni mo ru ẹgbẹ́ yìí lórí!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, bí eléégún àti ẹlẹ́gbè rẹ̀. Olóyè ń yangàn, bàtà ń jẹ ẹ́, Safurat ń kí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni. Nígbà tí Jìmí jí, ó gbé fídíò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìwò ó, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọ̀rọ̀ Ìwúrí láti Ẹnu Alága Àgbà." Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀tá ló ń ba ẹni ńlá jẹ́. Ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un ni.

Kí ọjọ́ kẹta tó pé, ayé ti gbọ́. Wọ́n gé ojú Safurat kúrò nínú fídíò, wọ́n fi ṣe sítíkà Wásáàpù. Ẹni tó bá ra mọ́tò tó ń fi yangàn, wọn á fi Safurat ránṣẹ́ sí i. Ọkọ tó bá ní òun ni olórí ilé, ìyàwó á fi Safurat dá a lóhùn. Awakọ̀ takisí kan ní Bertrams lẹ ojú rẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, Safurat ò mọ̀, nítorí fóònù rẹ̀ kò ju èyí tí wọ́n fi ń pe ènìyàn lọ. Thandeka, obìnrin ọmọ ìlú náà tó ń din magwinya, ìyẹn búrẹ́dì dídín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ló sáré gbé fóònù wá.

"Mama Safu! Eish! Look, it's you! What is it, this pele?"

Safurat wo ojú ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ lára irun. "Ọlọ́run mi. Pẹ̀lẹ́ ni a ń sọ fún ẹni tí nǹkan ń dùn. If you fall down, I tell you pẹ̀lẹ́. If your mother die, pẹ̀lẹ́."

"Oh! Shame!" Thandeka pàtẹ́wọ́. "You are telling him shame!"

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dé Joburg, ẹ dúró kí n là yín lóye. Nílé wa, bí wọ́n bá kígbe "shame" lé ènìyàn lórí, ìtìjú ni wọ́n ń dà bò ó. Ní Joburg, àánú ni. Bí ọmọdé bá ṣubú, shame. Bí òjò bá pa ọ́, shame. Pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá ti lo oṣù méjì níbẹ̀ mọ èyí, àfi ẹni tó bá ti gíláàsì mọ́tò rẹ̀ pa. Nígbà tí àwọn oníròyìn rédíò dé, Thandeka túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán Olóyè àti Safurat pé: SHAME, CHIEF.

Ẹ má rò pé òkìkí náà dùn mọ́ Safurat. Ojú tì í. Àwọn ènìyàn ń yà á ní fọ́tò láìtọrọ ààyè, oníbàárà rẹ̀ kan sì dìde lọ pẹ̀lú irun ìlàjì lórí nítorí èrò pọ̀. Bùkúnọlá dé láti ilé ẹ̀kọ́, ó ju báàgì sílẹ̀. "Mummy, you're everywhere. They're calling me Pele's daughter." Safurat sunkún lọ́jọ́ náà, ọmọ ló sì kí i ní pẹ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àwọn oníyẹ̀yẹ́, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Nọ́ọ̀sì kan wá, tí ìyá rẹ̀ kú nílé tí kò sì lè lọ sìnkú. Ọkùnrin kan tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ wá, kò tilẹ̀ nírun lórí. Wọ́n á jókòó sórí àga oníwáyà náà, wọ́n á ní, "Say it for me, mama." Safurat á gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, á wo ojú wọn, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Àwọn kan á bú sẹ́kún. Kò mọ̀ rí pé ọ̀rọ̀ tí à ń sọ láìronú nílé lè ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ nínú ìlú ńlá, inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti ọgbà onígéètì. Olóyè rí sítíkà náà.

"Jìmí! Kí ni wọ́n kọ síbí? Shame? Èmi? Wọ́n pe èmi Adésànmí ní ìtìjú?"

Jìmí mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ó wá wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ó pa ẹnu náà dé, ó sì tún un là lọ́nà mìíràn. "Ìtìjú gidi ni, sà. Ìtìjú tó ga. Irú yín nìkan ni wọ́n lè fi í kàn."

Olóyè pe ìpàdé pàjáwìrì. Ó gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, ó sọ ọ́ ní Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Ìjìnlẹ̀ lórí Ọ̀rọ̀ Pẹ̀lẹ́. Ìgbìmọ̀ jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n jẹ magwinya Thandeka tán, wọ́n sì gbé àbá kalẹ̀: láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ "pẹ̀lẹ́" nínú gbọ̀ngán tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́, ẹgbẹ́ yóò lé e. Ọ̀mọ̀wé Fèyíkẹ́, olùkọ́ yunifásítì tó jẹ́ akọ̀wé àgbà, béèrè kí ni kí a máa wá sọ fún ẹni tó bá ṣèṣe. Olóyè ronú. "Ẹ máa wí pé, a ti ṣàkíyèsí."

Òfin náà kò tíì gbẹ tí àga fi yẹ̀ lábẹ́ Bàbá Bólúwají, àgbà ẹgbẹ́ tó jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Bàbá ṣubú gbì. Gbogbo ènìyàn dìde, ẹnu wọn ti fẹ́ ṣí, wọ́n wá rántí.

"A ti ṣàkíyèsí ìṣubú yín, sà," ni Jìmí wí.

"Ẹ ti ṣe kí ni?" Bàbá bi í láti ilẹ̀. "Ṣé mo jábọ̀ kí ẹ lè ṣàkíyèsí mi ni? Orí yín dàrú!" Fèyíkẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Bí obìnrin náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ohun tí ẹnu rẹ bá sọ, ni wàá bá níbẹ̀.

Nígbà náà ni Olóyè ránṣẹ́ pe Safurat. Safurat kúnlẹ̀.

"Ìyá Bùkúnọlá, ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Alága wa ni yín, sà."

"Alága nìkan? Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe alága gbogbo ẹgbẹ́ Yorùbá ní ìpínlẹ̀ Gauteng lóṣù tó ń bọ̀ ni mí! O wá jẹ́ kí gbogbo ayé máa káàánú mi?"

"Ẹ má bínú, sà. Bàtà ni mo rí tó—"

"Má dárúkọ bàtà! Ní Sátidé, kánsílọ̀ àdúgbò yìí ń bọ̀, rédíò ń bọ̀. Wàá kúnlẹ̀ níwájú wọn, wàá ka ìwé tí Jìmí bá kọ fún ọ, pé èmi kì í ṣe ẹni tí à ń kí ní pẹ̀lẹ́, láyé àti lọ́run. Bí o bá kọ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ yẹn tún jábọ́ lẹ́nu rẹ lẹ́ẹ̀kan péré, kí o gbé àga rẹ, kí o máa lọ."

Safurat ronú lé e lórí títí ó fi dé Bertrams. Ìkúnlẹ̀ kò ṣòro fún un, ẹ̀bẹ̀ kò sì fọ́ orí. Ó pinnu pé òun yóò ka ìwé náà, nítorí ilé ẹ̀kọ́ Bùkúnọlá ń bẹ lórí àga yẹn, oúnjẹ wọn ń bẹ lórí rẹ̀. Ẹ má bú u. Ẹni tí kò bá ní ju àga kan lọ ló mọ bí àga ṣe tó.

Sátidé pé. Gbọ̀ngán kún fún ọmọ Yorùbá àti ará ìlú. Kánsílọ̀ jókòó síwájú, Thandeka náà wà níbẹ̀, gbohùngbohùn rédíò sì wà lórí tábìlì. Bàtà funfun yẹn kan náà ni Olóyè tún wọ̀, kí ayé lè mọ̀ pé kò fún òun. Ó ní kí Safurat dúró ná, òun yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, nítorí àwọn àlejò.

"Distinguished guests! In this country, I have been called Shame! On the internet, Shame! At the robot, one taxi driver put out his head and shouted, Shame, Chief!"

"Aaah, shame," ni àwọn ará ìlú tó wà nínú gbọ̀ngán wí lẹ́ẹ̀kan náà, àánú sì wà lójú wọn.

Olóyè dúró gbagidi. Etí rẹ̀ ò gbà á gbọ́. "You are even saying it to my face?"

"Shame, Chief," ni kánsílọ̀ wí jẹ́jẹ́. "Come, sit down, drink some water."

Gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún un. Àwọn kan bẹ̀rù. Àwọn tó kù, ẹ jẹ́ ká má purọ́, ń gbádùn rẹ̀. Olóyè fi ọwọ́ gbá tábìlì.

"Me? Shame? I have no shame! Write it down! My father had no shame! This whole executive, we have no shame! Ó tán, mo ní mi ò ní ìtìjú! Mi ò ní in rí, mi ò sì ní ní in láéláé!"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀mọ̀wé Fèyíkẹ́ tẹ orí ba, ó ń kọ ọ́. Olóyè gbé ẹsẹ̀ sókè láti fi jan ilẹ̀, ẹsẹ̀ tó ti wú nínú bàtà kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó fa gbohùngbohùn lọ́wọ́, òun àti ẹ̀ sì jọ balẹ̀.

Gbọ̀ngán pa lọ́lọ́. Òfin ni. Olóyè nà sílẹ̀, ó ń wo ojú kan dé ojú kejì, kò sì sí ẹni tó la ẹnu. Ó wo Jìmí. "A ti ṣàkíyèsí, sà," Jìmí wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo sọ fún yín, bí ọmọ Yorùbá bá ṣubú tí kò gbọ́ pẹ̀lẹ́, ìdáwà tó bá a nílẹ̀ níbẹ̀ ju ìrora lọ. Ojú Olóyè wá dà bí ojú ọmọ kékeré tó sọnù.

Safurat wò ó. Ìwé Jìmí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, ó ń rí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú wáyà lẹ́sẹ̀. Ó gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́, Ọlọ́run mọ̀ pé ó gbìyànjú. Kò ṣeé ṣe. Ó lọ síbẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"Oo, ẹ ṣé o," Olóyè dáhùn, tọkàntọkàn, sínú gbohùngbohùn.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló jí i padà sí ara rẹ̀. Ó dìde láìsí bàtà, ó na ìka. "Ó ti sọ ọ́! Ó ti rú òfin! Ẹ gbé àga rẹ̀ jáde!"

Ọ̀mọ̀wé Fèyíkẹ́ dìde, ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ dání. "Kí a tó gbé àga ẹnikẹ́ni jáde, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí mo kọ. Alága ní òun kò ní ìtìjú, òun kò ní in rí, òun kò sì ní ní in láéláé. Ó ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló gbà pé òótọ́ ni mo kọ?"

Ọwọ́ bo gbogbo gbọ̀ngán. Ti Jìmí ló kọ́kọ́ gòkè.

"Abala kẹrìnlá wà lára ògiri níbẹ̀ yẹn," Fèyíkẹ́ wí. "Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́."

Bàbá Bólúwají fa ara rẹ̀ dìde. "Àga kan ló yẹ kó kúrò lónìí lóòótọ́. Kì í ṣe ti ọ̀dẹ̀dẹ̀." Ó yíjú sí Olóyè. "Adésànmí, a ti ṣàkíyèsí ọ."

Bí oyè ṣe bọ́ nìyẹn. Àwọn ti Gauteng yan ẹlòmíràn. "I have no shame" di sítíkà tuntun, wọ́n fi í sára ife àti fìlà, Jìmí sì ni akọ̀wé ìpolongo alága tuntun, ó ń pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ títí di òní. Ti Safurat, èrò dínkù nígbà tí ayé rí ẹlòmíràn fi rẹ́rìn-ín, bí ayé ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà tó kọ́kọ́ wá nítorí pẹ̀lẹ́ ṣì ń wá síbẹ̀, nítorí irun báyìí, Bùkúnọlá sì kọ ọ́ sára pátákó fún un: SAFURAT PẸ̀LẸ́, ÌDIRUN.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin kan fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sálúbàtà ló wọ̀. "Shame, Chief," Thandeka kí i, ó sì fún un ní magwinya kan. Ó gbà á. Ó ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ báyìí, Thandeka fúnra rẹ̀ ló sọ fún un. Ó jókòó sórí àga oníwáyà, ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́.

"Ìyá Bùkúnọlá," Olóyè wí, "lọ́jọ́ ìjábọ̀ yẹn, ṣé lóòótọ́ lo rí i pé bàtà ń pa mí lára?"

"Mo rí i, sà."

"Gbogbo wọn ló jókòó síbẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìwọ rí i. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Safurat ń ya irun oníbàárà kan tó jókòó sórí ẹní nílẹ̀, kò gbójú sókè.

"Mo sọ fún yín, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni mo sọ ọ́."